Orúkọ Baba Ńlá Nínú Ìwé Ẹjọ́: Ìtàn Àwọn Ìdílé Àwórì ní Agbègbè Ìyànà-Ìbà

Láti Ìyànà-Ìbà títí dé Òkòkòmáíkò, bí èèyàn bá yà sí ọ̀nà Ìbà tàbí tó forí lé ìlú Ọ̀jọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí. Òmíràn sọ pé ilé náà kì í ṣe títà. Òmíràn sọ pé ilé-ẹjọ́ ti dá ilẹ̀ náà padà fún ìdílé kan. Ó dárúkọ ìdílé ọ̀hún, ó sì kọ nọ́ńbà ẹjọ́ tì í. ID ló ń ṣáájú nọ́ńbà náà bó bá jẹ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà, LD bó bá jẹ́ ti Èkó. Ìkìlọ̀ ni gbogbo wa kà á sí, pé kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n fáìlì kan wà tí nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí. Nínú fáìlì náà, àgbàlagbà kan ti búra níwájú adájọ́, ó sì ti sọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ́ ìgbẹ́ níbẹ̀, ibi tó ti wá, àwọn ọmọ tó bí, àti bí ilẹ̀ náà ṣe ń ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sọ́wọ́ ìran kejì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìdílé Àwórì wà lónìí. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu di ohun tí a lè kà. Ẹni tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ ní agbègbè yìí kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìwé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ láìwádìí. Ó gbọ́dọ̀ fi wé oríkì àti ìtàn ẹbí, kó tún fi wé àwọn ìwé mìíràn tí ìjọba fi sílẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé

Àwórì ni onílẹ̀ ibí yìí. Ọ̀jọ́ ní Ọlọ́jọ́ tirẹ̀, Ìbà ní Oníbà, Ọ̀tọ̀-Àwórì ní Ọlọ́tọ̀. Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní Ègùn, ń bá wọn gbé létí omi láti ọ̀nà Àgbádárìgì wá. Kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé, omi ni ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èrò àti ẹrù láàárín Èkó àti Àgbádárìgì lórí ọ̀sà, etí omi náà sì ni àwọn ọjà wà. Ẹ̀yìn etí omi, igbó àti àbàtà ni.

Ìtàn tí gbogbo Àwórì jọ ń pa ni ti Ọlọ́fin Ògúnfúnminire, tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Wọ́n ní Ifá ní kó gbé àwo kan sójú omi, kó sì máa tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo náà bá rì sí ni kó tẹ̀dó sí. Ó tẹ̀ lé e dé Ìṣẹ̀rì létí odò Ògùn, lẹ́yìn náà ó gba Ìddó lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ tàn káàkiri erékùṣù àti etí omi. Ìran rẹ̀ ni àwọn olóyè Ìdẹ́jọ ti Èkó ka ara wọn sí: Arómirẹ, Olúwa, Oníru àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. John B. Losi wà lára àwọn tó kọ ìtàn yìí sínú ìwé, nínú ìtàn Èkó tó gbé jáde ní 1914.

Ṣùgbọ́n ìtàn Ọlọ́fin, ti gbogbo ẹ̀yà ni. Bí ìdílé kan ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Ìbà bá fẹ́ sọ pé igbó báyìí ni tiwa, orúkọ Ọlọ́fin nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tó ya kúrò lára àwọn yòókù, tó dá iná sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, tó gbin igi, tó ní ojúbọ, tí wọ́n sì sin síbẹ̀ nígbà tó kú. Ẹni yìí gan-an ni ìdílé ń wá.

Bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ìtàn di ẹ̀rí

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1863, ó kan Àgbádárìgì. Àwọn ìlú tó wà láàárín méjèèjì bá ara wọn lábẹ́ òfin tuntun, àti lábẹ́ ilé-ẹjọ́ tí àwọn aláṣẹ tún tò ní 1876.

Ìbéèrè tó wá dìde ni pé, nígbà tí ọba gbé ìlú fún Gẹ̀ẹ́sì, ǹjẹ́ ó gbé ilẹ̀ àwọn ìdílé pẹ̀lú rẹ̀? Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tó jẹ́ Olúwa ti Èkó, ló jà á dé òpin. Ní 1913 ìjọba àmúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀tọ́ tí Olúwa ní kò ju pé kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, nítorí náà owó gbà-má-bínú rẹ̀ kò lè pọ̀. Ní 1920 Olúwa wọ ọkọ̀ lọ sí London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso: ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti àwùjọ, olóyè ń bójú tó o fún wọn ni, ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò sì gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ìjọba san £22,500.

Bí ìdájọ́ yẹn ṣe kan Àpápá ló kan Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Bó bá jẹ́ pé ìdílé ló ni ilẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ ní kóòtù gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdílé kan wà, pé ó ní orísun, àti pé ọmọ orísun náà lòun. Láti ìgbà náà ni ìtàn baba ńlá ti di ẹ̀rí tí à ń búra lé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní agbègbè wa, nítorí owó orí ilẹ̀ kéré. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ló yí i padà ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n kọ́ ilé ìpàtẹ ọjà àgbáyé, Trade Fair, sí etí ọ̀nà náà, tí wọ́n sì ṣí i ní 1977. Ọjà Alábà dé, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé e. Ní 1983, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, dé sí Ọ̀jọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ayálégbé sì kún Ìyànà-Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lánàá di ibi tí wọ́n ń tà ní púlọ́ọ̀tì. Òfin Ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé ṣì ń tà, ilé-ẹjọ́ ṣì ń bi wọ́n pé níbo ni ẹ̀tọ́ wọn ti ṣẹ̀ wá. Bí owó ilẹ̀ ṣe ń ga ni fáìlì ń pọ̀.

Ohun tí adájọ́ ń béèrè

Ní 1976, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tó ti agbègbè Warri wá, ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ẹ̀tọ́, bí èèyàn ṣe ń lo ilẹ̀ náà bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe ń gbé orí rẹ̀ tó sì ń jẹ èrè rẹ̀, àti bó ṣe ni ilẹ̀ tó yí i ká. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 66, fọwọ́ sí i pé a lè fẹnu sọ ìtàn ìdílé ní kóòtù bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀ ìdílé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn kí-ìtàn. Ẹjọ́ Akinloye àti Eyiyilola ní 1968, àti àwọn tó tẹ̀ lé e, la ohun mẹ́ta sílẹ̀ tí ẹni tó gbára lé ìtàn gbọ́dọ̀ sọ: ta ló tẹ ilẹ̀ náà dó, báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn wo ni ilẹ̀ náà ti bọ́ sí lọ́wọ́ láti orí rẹ̀ títí dé orí ẹni tó pẹjọ́. Bí orúkọ kan bá já láàárín, ìtàn náà lè wó. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń pa ìtàn Ọlọ́fin bí ẹni ń mu omi ti kọsẹ̀ síbẹ̀, nítorí wọ́n mọ ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ bàbá tó bí wọn, wọn kò sì lè so méjèèjì pọ̀.

Bí ìdílé méjì bá wá pẹ̀lú ìtàn méjì tó ta kora ńkọ́? Ní 1957, Privy Council dáhùn nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie láti Gold Coast, Ghana òde òní. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí lè jẹ́ olóòótọ́ kó sì ṣì í sọ, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ. Nítorí náà, kí adájọ́ má wo ojú ẹlẹ́rìí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí: ta ló ń dáko níbẹ̀, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ìtàn ta ni ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí bá mu. Ìlànà yìí wúlò fún òpìtàn ìdílé bó ṣe wúlò fún adájọ́.

Bí a ṣe ń ka fáìlì

Ẹni tó bá rí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ìdílé rẹ̀ sábà máa ń ṣí ìdájọ́ kọ́kọ́. Ìdájọ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ rò pé ó tó ló wà níbẹ̀. Ibi tí ìtàn ti dì jù ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, pàápàá ibi tí lọ́yà alátakò ti ń bi í léèrè. Níbẹ̀ ni àgbàlagbà yóò ti gbà tipátipá pé bàbá òun ní àbúrò kan tó kó lọ sí ìlú mìíràn, tàbí pé ìyàwó kan wà tí wọn kì í dárúkọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè nínú ilé, lọ́yà yóò béèrè.

Obìnrin pàápàá, kóòtù ni orúkọ wọn ti ń hàn. Bí à ń ka àwọn baba nínú ìtàn ilé, ọkùnrin ni a sábà máa ń tò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ogún kò lè rí bẹ́ẹ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Wọ́n jà lórí bóyá ìdí-igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀) ni kí wọ́n fi pín ogún rẹ̀ tàbí orí-ò-jorí (iye ọmọ), ẹjọ́ náà sì dé Privy Council ní 1962 kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Kí a tó lè pín nǹkan ní ìdí-igi, a gbọ́dọ̀ mọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ tó bí. Bákan náà ni ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní 1908 lórí ilé Mabinuori, tó kú ní Èkó ní 1874, tó fi ọmọ méjìlá sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti là á pé lẹ́yìn tí dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló ń di olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹni tó bá ń wá ìyá ńlá rẹ̀ kò ní rí ibi tó dára ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkọsílẹ̀ láéláé tún ní ìṣòro tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ ń kọ, Yorùbá tàbí Ògù ni ẹlẹ́rìí ń sọ, ògbufọ̀ ló wà láàárín. Kò sí àmì ohùn lórí orúkọ kankan, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ kan náà sì lè yàtọ̀ láti ojú ìwé kan sí òmíràn. Nítorí náà, oríkì ni kí a fi ya ènìyàn méjì tó jẹ́ orúkọ kan sọ́tọ̀. Bí ìwé bá dárúkọ baba kan tí ẹbí sì mọ oríkì rẹ̀, oríkì yóò sọ iṣẹ́ rẹ̀, ìlú tó ti wá àti ẹni tó bí i.

Bí a ṣe ń fi ọdún sí ìtàn

Àwọn àgbà kì í sọ ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ọdún. Bí ìdílé bá sọ pé baba wọn dé nígbà tí Akítóyè wà ní ìgbèkùn ní Àgbádárìgì, àárín 1845 sí 1851 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ayé Dòsùnmú, 1853 sí 1885 ni. Àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ ní Èkó dé ní 1918. Oòrùn tó ṣókùnkùn ní ọ̀sán, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947 ni. Lẹ́yìn náà ni kí a ka ìran. Ọgọ́rùn-ún ọdún kan ń gba ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹbí bá ní orúkọ márùn-ún péré láti orí Ọlọ́fin títí di òní, a mọ̀ pé orúkọ púpọ̀ ti jábọ́, iṣẹ́ sì wà láti ṣe.

Ibi tí a ti lè ṣe iṣẹ́ náà pọ̀ ju kóòtù lọ. Nígbà tí Èkó di ìlú ìjọba àpapọ̀ ní 1954, àgbègbè Àgbádárìgì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn ni olú-ìlú rẹ̀, títí Ìpínlẹ̀ Èkó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Nítorí náà, ẹni tó ń wá baba ńlá rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ gbọ́dọ̀ dé ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kó béèrè fún àwọn ìwé tí wọ́n pè ní ComCol àti BadaDiv. Ibẹ̀ ni lẹ́tà àwọn baálẹ̀, ẹ̀sùn lórí ààlà àti ìwádìí àwọn òyìnbó aláṣẹ wà. Òfin oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1957 tún mú kí wọ́n kọ àwọn ìdílé tó ń joyè sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ìwé kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ìtàn: ìwé àdéhùn tí onílé fi ra ilẹ̀. Kí títà ilẹ̀ ìdílé tó múlẹ̀, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ìwé tí àjèjì kan gbà ní Òkòkòmáíkò ní ogójì ọdún sẹ́yìn ń sọ ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí lọ́dún náà, ẹ̀ka tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá, nígbà mìíràn pẹ̀lú àtẹ̀ka wọn. Àpótí àwọn tó ra ilẹ̀ wá di ibi ìpamọ́ ìtàn àwọn tó tà á.

Kì í ṣe àwa nìkan la ní irú iṣẹ́ yìí. Ní Camden, ní South Carolina ti Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan gbé tó ń jẹ́ Scipio Vaughan, tí ẹbí rẹ̀ ń sọ láti ìran dé ìran pé ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣẹ̀. Ọmọ rẹ̀, James Churchwill Vaughan, tí wọ́n bí ní 1828, fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó gba Liberia, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1850 gẹ́gẹ́ bí káfíńtà lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi. Ó gbé Ìjàyè, ó gbé Abẹ́òkúta, kó tó di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Ó wà lára àwọn tó ya ìjọ kúrò lábẹ́ òyìnbó ní 1888, ó sì kú ní 1893. Òpìtàn Lisa Lindsay, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2017, fi ìtàn ẹbí náà wé ìwé ìhágún, ìwé kóòtù àti lẹ́tà míṣọ́nnárì. Ohun tí ẹbí sọ àti ohun tí ìwé sọ kò bára mu ní gbogbo ibi, síbẹ̀ ìtàn ẹbí ló fi ọ̀nà tó tọ̀ hàn án.

Ìwé tí ìjà bí

A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí kan ìtàn náà pẹ̀lú. Ìtàn tí a sọ ní kóòtù, láti borí la ṣe sọ ọ́. Ẹ̀ka tó bínú lè di ẹni tí a kò dárúkọ. Ìdílé Ògù tó ti ń pẹja níbẹ̀ láti ìran mélòó kan lè di ayálégbé lásán lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Àrọ̀tá tó bá baba ńlá ṣẹ́ ìgbẹ́ náà, tí ọmọ rẹ̀ sì bá ọmọ ilé dàgbà, lè pòórá pátápátá. Ìdílé kejì náà ní fáìlì tirẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́ sì ni àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ gbọ́dọ̀ ka ìhà méjèèjì, kó sì wá àwọn tí ìhà méjèèjì kò fẹ́ dárúkọ.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo olórí ẹbí ní Ọ̀jọ́, Ìbà, Òkòkòmáíkò àti Ọ̀tọ̀: ẹ kọ ìtàn yín sílẹ̀ nígbà tí kò sí ẹjọ́. Ẹ pe gbogbo ẹ̀ka, ti ìyá àti ti bàbá. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ sínú fóònù, kí àwọn ọmọ tó kàwé sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ so ẹ̀dà ìdájọ́ àti ìwé sáfè mọ́ ọn. Ibi tí ìtàn méjì bá wà, ẹ kọ méjèèjì. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà, kí ẹnì kan má bàa tì í mọ́ inú yàrá rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń dàgbà ní agbègbè yìí tó jẹ́ pé orúkọ ìdílé tí wọ́n kọ sára ògiri nìkan ni wọ́n mọ̀ nípa ara wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi àdá la igbó yìí, ìyá tó bí i, àti àwọn tó bá a jìyà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n lẹ́jọ́ lé e lórí.